Bí o bá ń pààrọ̀ ilé-ìwé, tí moyenne (ìpíndọ́gba máàkì rẹ) ń bà ọ́ lẹ́rù

Ọdún tí mo kúrò ní Kétu wá kàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, 14 ni mo máa ń gbà nínú ìṣirò nílé. Devoir (ìdánwò ńlá inú kíláàsì) àkọ́kọ́ tí a ṣe níbí, mo gba 6 lórí 20. Mo yí ìwé náà po, bóyá 9 ni mo dorí rẹ̀ kodò. 6 ni lóòótọ́.

Lónìí, ilé dé ilé ni mò ń lọ lápá Ouando ní ìrọ̀lẹ́, mò ń kọ́ ọmọ oníléẹ̀kọ́. Maître de maison ni wọ́n ń pè wá. Kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn òbí á mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kétu, Pobè tàbí Sakété dé wá bá mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: "Tonton, ṣé moyenne rẹ̀ ò ní já báyìí?"

Mo máa ń ní kí ọmọ náà mú báírò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí moyenne ń dẹ́rù bà ni kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀ rí. Wọ́n á kàn máa retí ọjọ́ bulletin (ìwé èsì) bí ẹni ń retí ìdájọ́. Wò ó bó ṣe rí. Nínú ìṣirò, ro máàkì gbogbo interro (ìdánwò kékeré) rẹ pọ̀, pín in sí iye interro tó o ṣe. Ká ní ó bọ́ sí 9. O gba 6 nínú devoir kìíní, 12 nínú ìkejì. 9 àti 6 àti 12 jẹ́ 27. Pín in sí mẹ́ta, 9 ni moyenne rẹ nínú ìṣirò. O ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àbí? Dúró ná.

Coefficient wà níwájú, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ń ka máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ka èyí tí wọ́n kọ sórí bulletin kíláàsì rẹ, torí kíláàsì àti série (ẹ̀ka ẹ̀kọ́) ló ń sọ iye rẹ̀. Kí n kàn fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ: ìṣirò 9 lọ́nà 4, ó di 36. PCT (físíìsì, kẹ́místrì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ) 10 lọ́nà 4, 40. SVT (ìmọ̀ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀) 12 lọ́nà 5, 60. Faransé 11 lọ́nà 2, 22. Gẹ̀ẹ́sì 13 lọ́nà 2, 26. Eré ìdárayá 15 lọ́nà kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 199, coefficient jẹ́ 18. Pín in: 11 àti díẹ̀. Ìṣirò tó ń pa ọ́ lẹ́kún yẹn kò gbé ọ ṣubú.

Àròpọ̀ tá a ṣe yìí náà ni yóò sọ ibi tó yẹ kó o ti làágùn. Bí SVT bá kúrò ní 12 bọ́ sí 14, moyenne rẹ á fi ju ìdajì máàkì lọ sókè. Bí o bá sáré títí tí eré ìdárayá fi kúrò ní 15 bọ́ sí 17, díẹ̀ ṣíún báyìí ni wàá rí. Mo mọ ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ tí coefficient rẹ̀ jẹ́ 1 péré. Mi ò mọ ẹni tó gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kejì ni ìwé àwọn ọmọ kíláàsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Ní Kétu, olùkọ́ PCT wọn máa ń ka ẹ̀kọ́ fún wọn kọ ni, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, á nù ún, á tún kọ òmíràn. Ọmọ náà kò rí ìdajì kọ. Ó gba 7 nínú interro àkọ́kọ́, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi há inú dictionnaire. Ọ̀rọ̀ "kilo" ni mo ń wá nígbà tó já bọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kò gbọ́n, ìwé ni kò pé lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wá ẹnì kan tó ń kọ̀wé dáadáa, yá cahier (ìwé ìkọ̀wé) rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, dá a padà ní Mọ́ńdè. Má ṣe tijú. Bí wọ́n bá ń fi Ègùn sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn tí o kò gbọ́, béèrè ní Faransé. Èmi tijú títí di oṣù kejìlá, ó sì pa mí lára. Wo bí wọ́n ṣe ń kọ copie (ìwé ìdáhùn) níbẹ̀ pẹ̀lú: ibi tí orúkọ ń wà, ohun tí wọ́n ń fi rúlà fà nídìí. Olùkọ́ kan já máàkì kan lọ́wọ́ mi nítorí ìlà nìkan.

Tó bá jẹ́ àárín ọdún lo pààrọ̀ ilé-ìwé, rí i pé bulletin tó o ti gbà ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé kó o tó gbé ẹrù, kó o sì ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà sọdá wá ni tirẹ̀ le díẹ̀: lórí 100 ni wọ́n ti ń gbà á lọ́hùn-ún. Bí a bá fi 5 pín 75, 15 ló máa jẹ́, ṣùgbọ́n kí òbí má retí 15 níbí lọ́sẹ̀ kìíní. Nínú BAC (ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama) pàápàá, 12 ni assez bien (ó dára díẹ̀) ti ń bẹ̀rẹ̀, 14 ni bien (ó dára). Faransé ni kó kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀yin òbí, bí bulletin àkọ́kọ́ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ síbi rang (ipò tí ọmọ ṣe). Ẹni tó ṣe ìkárùn-ún nínú ogójì lè ṣe ìkẹtàlélógún nínú ọgọ́ta, kó sì jẹ́ pé ó kàwé ju tàná lọ. Ẹ ka ìlà coefficient.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba 11 nínú devoir kejì. Orí tábìlì ló fi ìwé náà sí, ó gbé ìgò ata lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.