Láptọ́ọ̀pù kì í jí lágogo méjì òru

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi kọ̀, kò tan mọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, "ká, ká, ká" nìkan là ń gbọ́ nínú rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé hard disk, ibi tí fáìlì ń gbé nínú rẹ̀, ti lọ. Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀, fọ́tò ìkómọ ọmọ wa kejì náà wà níbẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Àyọ̀, ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń kó o pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ ṣí i. Fáìlì tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti pé oṣù méje.

Kọ̀ǹpútà abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni server ilé wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn yòókù, níbí n'Ìbàdàn. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Mo fi Debian, ètò Linux kan tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, sí i, mo ki hard disk 4 TB méjì bọ̀ ọ́. Ohun tí ọ̀kan bá kọ ni èkejì ń kọ, kí gbogbo rẹ̀ má baà bá ọ̀kan ṣoṣo kú. Orí inverter ló wà. Òun kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tí mo rán pé kó máa kó ẹrù wá fún un ni kò wá.

Robocopy ni mo rán, irinṣẹ́ tó ń da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíì. Inú Windows ló ti ń bá a wá, mo sì sọ fún Task Scheduler, tó ń pe iṣẹ́ lákòókò, pé kó máa pè é ní agogo méjì òru lójoojúmọ́. Létí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ní agogo méjì òru, láptọ́ọ̀pù ti wà ní pípadé, ó ń sùn bí ẹni tó ni ín. Àyè kan wà nínú Task Scheduler tí èèyàn lè fàmì sí, pé bí àkókò iṣẹ́ bá kọjá, kó ṣe é ní kété tí kọ̀ǹpútà bá tún tan. Àmì yẹn kì í sí níbẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi náà kò sì fi í síbẹ̀. Èyí tó tún burú ni /MIR tí mo lò, àṣẹ pé kí ẹ̀dà rí bíi ti láptọ́ọ̀pù gẹ́lẹ́: ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù lọ́sàn-án, yóò bá yín pa á rẹ́ lórí server pẹ̀lú. Ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé èèyàn ṣe àṣìṣe kọ́ ni mò ń wá.

Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá wa yọ fọ́tò ìkómọ náà jáde. Àwọn ìbéèrè oṣù méje yẹn kò yọ. Ìyàwó mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún wọn tẹ̀, èmi náà sì ń bá a tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo máa tún bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Sọ́fítíwíà náà kò gbọ́dọ̀ máa retí agogo. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tan ni kó ṣiṣẹ́, torí pé níbi tí a wà, iná ló ń sọ ìgbà tí a óò tan nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ lè dá Windows padà lódindi, kì í ṣe fáìlì nìkan. Bí kòkòrò tó ń fi àgádágodo ti fáìlì èèyàn mọ́lé bá sì wọ láptọ́ọ̀pù, kò gbọ́dọ̀ ráyè dé ibi tí ẹ̀dà wà.

Mo kọ́kọ́ yẹ ohun tó ti wà nínú Windows wò. File History dáa fún ìwé àti fọ́tò. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló máa ń wò ó bóyá fáìlì yí padà, ó sì ń tọ́jú èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò lè gbé Windows fúnra rẹ̀ dìde. Irinṣẹ́ àtijọ́ tó ti Windows 7 wá, èyí tó ń ya àwòrán gbogbo disk (ẹ̀dà rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú Windows inú rẹ̀), ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ láti ọdún 2017 ni Microsoft ti kéde pé àwọn kò tún un ṣe mọ́, pé kí èèyàn lo ti ẹlòmíì. Mo gba ìmọ̀ràn wọn. Àbúrò mi ní kí n lo Syncthing. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ibí àti ọ̀hún bára mu. Bí fáìlì bá bàjẹ́ níbí, àyàfi tí ẹ bá ti ní kó máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, ó ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún náà nìyẹn.

Méjì ló kù. Veeam Agent, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya gbogbo disk mi sórí server. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kìkì ibi tó bá yí padà ló ń kó. Ẹ lè sọ fún un pé bí kọ̀ǹpútà kò bá tan nígbà tí iṣẹ́ yẹ, kó ṣe é tó bá tan. Kò sí ohun tí mo bá a jà sí, ju pé orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti lọ tò ó, mẹ́ta sì ni tiwa.

UrBackup, èkejì, ló wá bá ilé wa mu. Server ló ń wá ẹrù lọ, láptọ́ọ̀pù kì í gbé e wá. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti tan, tó wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, server yóò rí i, yóò wò ó pé ìgbà wo ni òun kó ẹ̀dà rẹ̀ gbẹ̀yìn, tó bá sì ti yá, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wákàtí márùn-ún márùn-ún ló fẹ́ máa kó fáìlì tí a kò bá bá a wí. Mo sọ ọ́ di méjìlá. Àwòrán disk ń wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí fáìlì kan náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ló ń gbé e pamọ́. N kò sì ṣí fódà tí ẹ̀dà wà fún Windows kankan: bí kòkòrò bá ba láptọ́ọ̀pù jẹ́, ẹ̀dà tuntun lè kó ohun tó bàjẹ́ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí kòkòrò náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ ti àná.

Kò lọ geere o. Fún odindi ọjọ́ kan, láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi kò fara hàn lójú ewé UrBackup (nínú browser ni ẹ ti máa ṣí i, ní port 55414 lórí server). Windows ti ka Wi-Fi ilé wa sí ti ìta, ogiri ààbò rẹ̀ (firewall) sì dí ọ̀nà. Mo sọ ọ́ di Private, ìyẹn ti ilé, ó yọjú.

Àwòrán àkọ́kọ́ tún wá. Disk mi ní ẹrù 180 GB, 11 MB sì ló ń kó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n mú iná lọ. Server wà lórí inverter, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ṣùgbọ́n switch kékeré tó so wọ́n pọ̀ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán! Iṣẹ́ já, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo yẹ switch náà wò ni mo rí i pé ti 100 Mbps ni, ti ayé àtijọ́. Mo ra ti gigabit, tó yára ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo so òun náà mọ́ inverter, iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ BitLocker náà nìyí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi: bí BitLocker, àgádágodo tí Windows ń fi ti disk, bá wà lórí disk yín, ẹ̀dà tó dé server kì í ní àgádágodo yẹn mọ́, nítorí ìgbà tí Windows ti ṣí i ni wọ́n ń kó o. Orí server ni mo ti wá ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo tú láptọ́ọ̀pù mi, mo yọ disk rẹ̀ tó jẹ́ 500 GB, mo fi SSD (irú disk tó yára) òfìfo 1 TB sí i. (Disk tuntun kò gbọ́dọ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ, ẹ má wo ti pé ẹrù inú rẹ̀ kò pọ̀.) Mo fi flash tí mo ti kọ irinṣẹ́ ìmúpadà UrBackup sí tan án, ó rí server, mo mú ọjọ́ tí mo fẹ́. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń retí èsì WAEC. Nígbà tí Windows gbé àwòrán Àyọ̀ jáde lójú rẹ̀, tí ìwé tí mò ń kọ ní àná sì ṣí, mo pariwo pe ìyá rẹ̀.

Ó wá, ó wò ó, ó ní, "Tèmi ńkọ́?"

Mo ti dá tiẹ̀ náà padà báyìí sórí SSD kan náà, ó jókòó tì mí títí ó fi rí ìbéèrè rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: mo fi Veeam sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, ó ń kọ sórí hard disk kan tí mò ń gbé lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń mú fáìlì kan padà láti ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi a sì bi mí láti kíṣìnnì pé, "Bàbá Àyọ̀, oṣù mélòó ló pé lónìí?"