Bí a ṣe ń tọ́jú ààrò amọ̀ ìyanran kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni

Ààrò amọ̀ ọlọ́mọrí tí a fi ń yan ẹran, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èdè Japan pè ní kamado, tí ilé-iṣẹ́ Big Green Egg sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìlú Atlanta ní ọdún 1974, kò jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́, pé amọ̀ tó nípọn máa ń mú ooru dání, kì í sì í jẹ́ kí ó tètè lọ. Èyí tí mo ń lò ní àgbàlá ilé mi ní Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ní gbogbo àkókò yìí, iná kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan; omi àti ìkánjú ló ń bá a jà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ fi jẹ mọ́ àkókò tí ẹran kò sí lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí òrùlé bò ṣùgbọ́n tí ògiri kò ká mọ́, nítorí èéfín èédú ní gáàsì tó lè pa ènìyàn nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráàyè. Ààrò náà máa ń wúwo tó 70 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, bí ó bá ní táyà, ẹ máa fà á, ẹ má ṣe tì í láti ẹ̀yìn, torí bí táyà bá há sí àárín íńtálọ́ọ̀kì, odindi rẹ̀ lè dojú dé. Iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ pọ̀, kí àtè tó mú aṣọ onírun tó ń dí etí ọmọrí lè gbẹ dáadáa.

Èédú igi líle ni kí ẹ máa rà. Èyí tí wọ́n fi igi àyin sun, tí ó ń ti Òkè-Ògùn wá sí ọjà Bódìjà, dára púpọ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó jó tán, eérú rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da karosíìnì sí i. Inú ààrò náà kò ní dídán bíi ti ìta, ó ń fa ohunkóhun tí a bá dà sí i mu, òórùn karosíìnì yóò sì máa bá ẹran yín kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìhá gbígbẹ, tàbí bébà tí a rì sínú òróró díẹ̀, ti tó láti fi dáná.

Bí ẹran bá ti jinná, ẹ ti ojú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti ti orí ọmọrí pátápátá. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú fúnra rẹ̀, èédú tó kù yóò sì wúlò ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ má ṣe fi omi pa á láé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí ọmọrí nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè níwọ̀n ìka méjì, kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá já wọlé lójijì lè mú kí iná bù sí ènìyàn lójú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kó eérú kúrò, torí òun ló ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n inú garawa onírin ni kí ẹ kó o sí, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, nítorí ẹ̀ṣẹ́ná lè fara pamọ́ sínú eérú di ọjọ́ kejì.

Àkókò òjò gan-an ni ìṣòro wà. Ní ọdún kẹta, n kò dáná sí ààrò mi láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, tápólì ni mo fi dì í mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ṣakí, mo ṣí gbogbo ojú afẹ́fẹ́ kí ẹran lè tètè jinná. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró kan, nígbà tí mo sì wo inú rẹ̀, ìkòkò inú tí èédú ń jókòó sí ti là láti etí dé ìdí. Amọ̀ náà ti fa ọ̀rinrin mu, ibi tí iná ti ràn sì fẹ̀ kí ibi tó ṣì tutù tó ráàyè fẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ààrò bá ti tutù, mo máa ń ṣí ojú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, mo sì ń ká tápólì kúrò ní ọjọ́ tí òòrùn bá ràn. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ dáná sí i kẹ́yìn, ẹ fi iná kékeré tí kò ju nǹkan bí 110°C lọ gbẹ ẹ́ fún wákàtí méjì, kí ẹ tó mú iná gbóná sí i ní ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá bá inú rẹ̀ tó ti bu, ẹ má ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ kó èédú tútù jáde, kí ẹ gbẹ ẹ́ bí mo ti wí, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jóná, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn inú rẹ̀ nígbà tó bá tutù.

Irin tó de ọmọrí mọ́ ìdí náà ń fẹ́ àmójútó. Irin ń fẹ̀ ju amọ̀ lọ bí ó bá gbóná, nítorí náà nọ́ọ̀tì rẹ̀ a máa tú díẹ̀díẹ̀, ọmọrí sì lè já bọ́ lójijì. Ẹ fi sípánà dán an wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nígbà tó bá tutù. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, ẹ mú un dání lọ sí ọjà Àràròmí ní Agodi Gate kí wọ́n bá yín wá irú rẹ̀ tí kì í dípẹtà. Bí èéfín bá ń jáde láti etí ọmọrí, aṣọ onírun rẹ̀ ló ti gbó. Ẹ ha á kúrò, kí ẹ lẹ tuntun mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọjọ́ kan gbáko. Ní ti òṣùwọ̀n ìgbóná, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi tó ń hó. Bí kò bá fi nǹkan bí 100°C hàn, ẹ yí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi bá a mu.

Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ lára dídán ìta kò léwu. Bí ìdí tàbí ọmọrí bá là já, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò inú tó là ṣì lè ṣiṣẹ́ bí ó bá dúró dáadáa. Ṣáájú Iléyá lọ́dọọdún, mo máa ń fi owó onírin kan wọn ìlà tèmi, nítorí ọjọ́ tí owó náà bá lè wọ inú rẹ̀ ni n ó ra òmíràn. Títí di Iléyá tó kọjá, kò tíì wọ̀ ọ́.