Bí a ṣe ń yí fódà tí Word ń tọ́jú fáìlì sí padà

Fódà Documents ni Word máa ń fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ wa sí, àfi tí a bá ti wọ OneDrive (ibi tí Microsoft ń bá wa tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹni tó ní fódà iṣẹ́ tirẹ̀ níbòmíràn á máa ṣí fódà kan tẹ̀lé òmíràn nígbàkígbà tó bá fẹ́ tọ́jú fáìlì tuntun. Wàhálà tí kò nídìí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ̀dá fódà náà, kí ẹ sì fún un lórúkọ gidi. Orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe orí flash: ọjọ́ tí ẹ bá yọ flash, Word kò ní rí fódà náà mọ́.

Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ File lókè lápá òsì, lẹ́yìn náà Options nísàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ Save. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Default local file location sí. Àdírẹ́sì tó wà níwájú rẹ̀ máa ń jọ C:\Users\orúkọ yín\Documents. Ẹ tẹ Browse tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yan fódà yín, kí ẹ tẹ OK. Ẹ lè fọwọ́ kọ àdírẹ́sì náà o, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kan bá ti ṣì, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì fọwọ́ kan AutoRecover file location tó wà nítòsí; iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ojú ewé yìí kan náà ni àpótí kékeré Save to Computer by default wà. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Tí ẹ kò bá fi àmì sí i, OneDrive ni Word á ṣì máa kọjú sí. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tẹ OK.

Láti dán an wò, ẹ ṣí ìwé tuntun, kí ẹ tẹ F12 (lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn, ẹ ó di Fn mú pọ̀ mọ́ ọn). Fódà tuntun ló yẹ kó yọ.

Àwọn fáìlì àtijọ́ kò ní kó lọ síbẹ̀ fúnra wọn; ẹ̀yin lẹ ó kó wọn. Excel àti PowerPoint náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó ṣe tiwọn. LibreOffice (àwọn ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Word, Excel àti PowerPoint ń ṣe) ló rọrùn ní tiẹ̀: Tools, Options, LibreOffice, Paths, My Documents, Edit. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá ṣe é, ó kan Writer, Calc àti Impress.