Ẹ̀dà ẹranko: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Dolly lásán, ìyẹn àgùntàn tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì àgùntàn míì ṣe, á rò pé wọ́n kàn ti sẹ́ẹ̀lì sínú ẹyin, àgùntàn sì jáde. Rárá o. Ní Roslin Institute ní Scotland, ẹyin 277 ni wọ́n yọ núkílíọ́sì inú ẹ̀ (ibi tí àbùdá wà) dànù, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn ọlọ́dún mẹ́fà sí i, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á kí méjèèjì lè lẹ̀ pọ̀, 29 péré ló di ọlẹ̀ tó ṣeé gbé sínú àgùntàn, ọmọ kan ṣoṣo ló sì wáyé ní 1996. Ti ajá tún le jùyẹn lọ: kí wọ́n tó rí Snuppy bí ní South Korea ní 2005, ọlẹ̀ 1,095 ni wọ́n pín sínú abo ajá 123. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fọkàn sí i pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa bọ́ sí i.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń retí kí ológbò wọn tó kú padà wá tàwọ̀-tìwà. Irọ́ ni jàre. Ológbò tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára ẹ̀ láti fi ṣe CC, ológbò ẹ̀dà, ní Texas ní 2001 ní àwọ̀ ọsàn lára, CC ò ní in rárá, torí abo ológbò ní kírómósómù X (okùn tó gbé àbùdá) méjì, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì máa ń pa ọ̀kan bí ẹni pa iná, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú yẹn ti pa X tó gbé àwọ̀ ọsàn. Ìwà ńkọ́? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wà níbẹ̀.

Ẹ má kàn gbé òkú ẹran sínú fíríìsà kẹ́ ẹ máa retí, yìnyín á ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Awọ kékeré ni kí wọ́n gé nígbà tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú nitrogen olómi, omi tó tutù gan-an. Sẹ́ẹ̀lì ẹṣin Przewalski, irú ẹṣin ìgbẹ́ kan, tí wọ́n tọ́jú báyẹn ní 1980, ọmọ jáde látinú ẹ̀ ní 2020.

Ẹ má sì rò pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́jú nìkan á dá irú ẹran tó ti parun padà. Ewúrẹ́ òkè kan ní Spain, bucardo, wọ́n bí ẹ̀dà ẹ̀ ní 2003, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò dáa, ó kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó yè, abo ni, ara abo kan ṣoṣo ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ti wá, akọ wo ló máa gùn ún?