Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà: Ohun tí Ẹ Máa Ṣe Bí Ìgbẹ́ Gbuuru Bá Mú Ọmọ

Omi àti iyọ̀ ara tó ń bá ìgbẹ́ gbuuru jáde ló máa ń pa ọmọ. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa ń gbọ́ ọ nínú ilé pé kí wọ́n má fún un lómi mọ́, kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ẹ̀fọ́ tó bá ń rọ nínú ọgbà, ṣebí omi la máa ń bu sí i.

Omi tí a pò pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà ni kí ẹ fún un. Ṣúgà tó wà nínú omi yìí kì í ṣe fún adùn. Látijọ́, bí wọ́n bá fún ẹni tí onígbáméjì ń ṣe ní omi iyọ̀ lásán mu, ṣe ló máa ń gba inú rẹ̀ já. Àfi kí wọ́n fa omi sí i lára nílé ìwòsàn. Ní ìlú Prague ní Yúróòpù, lọ́dún 1960, Robert Crane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ti ilẹ̀kùn yìí. Lọ́dún 1968, ní ìlú Dhaka tó wà ní Bangladesh òde òní, dókítà David Nalin àti Richard Cash po ṣúgà mọ́ iyọ̀ fún àwọn aláìsàn mu, omi tí wọ́n nílò láti fà sí wọn lára sì dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ogun ló wá fi hàn gbogbo ayé. Lọ́dún 1971, àwọn tó ń sá fógun Bangladesh kún ìlú Bangaon ní Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí omi tí wọ́n ń fà síni lára tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis, ó po ṣúgà glucose, iyọ̀ ìsebẹ̀ àti sódà, ó ní kí àwọn ẹbí máa fi ife bu ú fún aláìsàn wọn. Ìyá di nọ́ọ̀sì, ọkọ di nọ́ọ̀sì. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, àwọn tó ń kú já wálẹ̀ láti bí 30 sí nǹkan bíi 4.

Bí ẹ bá rí ORS inú ọ̀rá, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ láti pò mọ́ omi, ní kẹ́míìsì tàbí ní ilé ìlera, òun ló dára jù. Ẹ wo iye omi tí wọ́n kọ sí i lára, torí wọn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Bí kò bá sí, ẹ da píọ̀ wọ́tà 50cl méjì sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, ẹ fi ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ sí i, ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Ẹ fi ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu ún: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Mínírà kò lè rọ́pò rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó tún ń fa omi sínú ìfun ni.

Ní gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì yóò mu 50 sí 100ml, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò mu 100 sí 200ml. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fi ṣíbí bu ú fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmú àti ẹ̀kọ kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ béèrè oògùn síǹkì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tó bá ti lo wákàtí 24 lẹ́yìn tí ẹ pò ó, ẹ dà á nù.

Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí kò bá lè mumi mọ́ tàbí tó ń sùn lásùnjù, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé e mì, ẹ mú ife àti ṣíbí dání, kí ẹ máa bu ú fún un lórí ọ̀kadà.