Pléètì mẹ́fà fún iṣẹ́ aláwọ̀ méjì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí spot colour

Kálẹ́ńdà, ìwé ìpè wòlímọ̀, ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́: irú iṣẹ́ tí mò ń tò sórí kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin nìyí. Èmi kọ́ ni mo ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n tí pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bá jáde láṣìṣe, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e padà wá. Ẹnu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà díẹ̀. Àwọ̀ mẹ́rin tí à ń lò lójoojúmọ́, ìyẹn cyan, magenta, yellow àti dúdú, orí ìwé ni wọ́n ti ń pàdé tí ojú wa fi ń rí àwọ̀ mìíràn. Spot colour kò rí bẹ́ẹ̀. Aláró kì í po aró lórí aṣọ, inú ìkòkò ló ti ń pò ó. Inú agolo ni ìǹkì spot ti ń di àwọ̀ tá a fẹ́ kó tó wọ ẹ̀rọ, pléètì tirẹ̀ sì dá wà.

Ìbéèrè, láti Ọ̀ffà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìpè wòlímọ̀ ni mo tò nínú InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń to ìwé. Àwọ̀ méjì péré ni, dúdú àti ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé àwọ̀ Pantone jẹ́ 348. Mo fi PDF ránṣẹ́ sí Ìlọrin, ẹni tó ń ṣe pléètì wá pè mí pé mẹ́fà lòun ń rí. Oníbàárà ò ní san owó pléètì mẹ́fà. Ibo ni mẹ́rin yòókù ti wá?

Ìdáhùn: O kú iṣẹ́, àbúrò. Má bá ẹni tó ń ṣe pléètì jà, òótọ́ ló sọ. Orúkọ ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ àwọ̀. Ṣí Window, lọ sí Output, yan Separations Preview, kí o sì tan Separations níbẹ̀. Ka orúkọ tó tò síbẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá bá PANTONE 348 C àti PANTONE 348 U. C jẹ́ ti ìwé tó ń dán, U jẹ́ ti ìwé tí kò dán. Ìǹkì kan náà ni, ṣùgbọ́n nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo, pléètì méjì ló máa jáde. Ó lè jẹ́ pé C lo fi kọ àkọlé, kí ẹni tó ya lógò ilé kéú náà sì ti mú U. Fáìlì àtijọ́ tilẹ̀ máa ń gbé orúkọ tó parí sí CV wọlé.

Nínú àkójọ àṣẹ Separations Preview yẹn, yan Ink Manager. Tẹ 348 U, lọ sí Ink Alias, kí o fi 348 C síbẹ̀. Méjì á di ọ̀kan láìfọwọ́ kan lógò. Àpótí kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ All Spots to Process. Má fọwọ́ kàn án o! Òun ló máa ń tú gbogbo spot ká sínú àwọ̀ mẹ́rin.

Ó ku mẹ́ta. Pa àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú àti ti ewé nínú Separations Preview. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù lójú ìwé ló ń fa cyan, magenta àti yellow wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tá a gbà lórí WhatsApp ni. Lójú, dúdú àti funfun ni, àmọ́ RGB, ìyẹn àwọ̀ mẹ́ta ti ojú kọ̀ǹpútà, ni lábẹ́lẹ̀. Gbé e lọ sínú Photoshop, tẹ Image, Mode, Grayscale, kí o tọ́jú rẹ̀, kí o sì padà wá sọ link fọ́tò náà di tuntun nínú InDesign. Bí kì í bá ṣe fọ́tò, wò ó bóyá àwọ̀ tó ń jẹ́ Registration lo fi kun ọ̀rọ̀. Ó jọ dúdú, ṣùgbọ́n gbogbo pléètì pátá ló ń wọ̀. Èmi náà ti ṣe é rí: nínú kálẹ́ńdà ilé ìwé kan, ọjọ́ inú oṣù jáde lórí pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àpò mi ni mo sì ti san án.

Ìbéèrè, ẹni náà ló padà wá: Pléètì ti di méjì, ẹ ṣeun. Àmọ́ mo fẹ́ kí fọ́tò Àlùfáà wà ní àwọ̀ ewé. Mo tẹ fọ́tò, mo tẹ 348, ibi tó funfun ló di ewé, ojú Àlùfáà ṣì dúdú síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ọfà dúdú nínú àwọn irinṣẹ́ InDesign lo lò. Àpótí tó gbá fọ́tò mú ni ọfà dúdú ń kùn, ọfà funfun ló ń wọlé bá fọ́tò fúnra rẹ̀. Fi ọfà funfun tẹ Àlùfáà, kó o tó tẹ 348. Grayscale tàbí bitmap (dúdú àti funfun pátá, láìsí eérú) nìkan ló ń gba àwọ̀ báyìí. Bó bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí alpha channel, ìyẹn àfikún tó ń tọ́jú ibi tá a yàn nínú àwòrán, wà nínú fáìlì. Yọ ọ́ kúrò, kí o sì lẹ gbogbo layer (ìpele àwòrán) pọ̀.

Ní ti ọwọ́ Lárúbáwá tẹ́ ẹ máa ń kọ sókè ìwé wòlímọ̀, ẹ má ṣe skáànì rẹ̀ bíi fọ́tò. Ẹ sọ ọ́ di bitmap, 1200 ppi, ìyẹn píksẹ́lì 1200 nínú íǹṣì kan. Ìlà rẹ̀ á mú ṣáṣá, á sì gba spot bákan náà. Fọ́tò ò nílò ju 300 lọ.

Ohun kan wà tí wàá rí tí inú rẹ ò ní dùn sí: ewé kì í ṣókùnkùn tó dúdú. Ibi tó jẹ́ òjìji nínú fọ́tò á kàn di ewé lásán, ojú èèyàn á sì rí bíi pé ó ti ṣá. Lo Curves nínú Photoshop láti fún òjìji lágbára kó o tó gbé e wọlé. Tàbí kẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó o ti ń sanwó dúdú tẹ́lẹ̀, ṣe duotone, ìyẹn fọ́tò tí ìǹkì méjì jọ tẹ̀. Láti Grayscale, lọ sí Image, Mode, Duotone, fi dúdú ṣe ìkíní, PANTONE 348 C ṣe ìkejì. Kọ orúkọ náà gan-an bó ṣe wà nínú InDesign, láìsí àlàfo tó lé, kí ọ̀rọ̀ pléètì mẹ́fà má tún bẹ̀rẹ̀. PSD, ìyẹn fáìlì Photoshop, ni kó o fi tọ́jú rẹ̀, JPEG ò lè gbé e. Ẹ̀yin tó jẹ́ CorelDRAW lẹ ń lò, inú Bitmaps, Mode, lẹ máa bá Duotone.

Ìbéèrè, láti Òmù-Àrán: Ọ̀gá, duotone tiwa jáde, dúdú pẹ̀lú búlúù. Ìlà kan ń yí kiri lójú àwọn ọmọ ilé ìwé bíi àmì omi. Ìwé ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Ìwé kọ́. Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn méjì lé ara wọn, kẹ́ ẹ yí ọ̀kan díẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Àmì róbótó wẹ́wẹ́ ni fọ́tò lórí pléètì, igun tí àwọn àmì náà kọrí sí sì ṣe pàtàkì. Bó ṣe wà láti àtọdúnmọ́dún, cyan wà ní dígírì 15, magenta 75, yellow 0, dúdú 45. Spot sábà máa ń bá dúdú jókòó sí 45. Bí pléètì kan bá yẹ̀ díẹ̀, wàhálà dé. Nígbà tí magenta ò sí nínú iṣẹ́ yín, ẹ gbé búlúù lọ sí 75, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣe pléètì, torí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè pa ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì rẹ́.

Ìbéèrè: Mo ṣí PSD tá a ṣe lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ibi tí Pantone wà di dúdú.

Ìdáhùn: Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Adobe ti ń kó ọ̀pọ̀ ìwé àwọ̀ Pantone kúrò. Má jókòó máa sunkún. Nínú InDesign, ṣe swatch (àwọ̀ tá a tọ́jú lórúkọ) tuntun, pè é ní Spot, fún un ní orúkọ tó tọ́ àti àwọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń po ìǹkì ò ní wo kọ̀ǹpútà rẹ, nọ́ńbà ló máa wò.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, wúrà tẹ́ ẹ tẹ̀ fún mi wò dà bí ẹrẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má bínú, Àlàájà. Ẹ̀rọ kékeré tá a fi tẹ àpẹẹrẹ ò ní ìǹkì wúrà nínú. Lórí iṣẹ́ gan-an, ìǹkì Pantone 871 tó ń dán ni. Ẹ yà wò mí, ìwé àpẹẹrẹ ìǹkì wà lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè, ọmọ iṣẹ́ mi: Ọ̀gá, lẹ́tà funfun inú lógò ti pòórá nínú PDF.

Ìdáhùn: Ẹni tó yà á ti fi Overprint Fill (àṣẹ pé kí àwọ̀ tẹ̀ lé orí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀) sílẹ̀ ní títàn nígbà tí lẹ́tà ṣì dúdú, ó wá sọ ọ́ di funfun; funfun ò sì ní ìǹkì, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ṣí Attributes nínú Illustrator, yọ àmì yẹn, kó o tan Overprint Preview wò ó kó o tó tún PDF ṣe. Fi orúkọ mìíràn tọ́jú rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù ẹni tó ń ṣe pléètì.