Bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ omi kalẹ̀ létí ọ̀sà ní Ìjẹ̀bú

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí ń ka gíga omi, ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù, ó sì ń fọn fèrè bí omi bá fẹ́ wọlé. Abúlé apẹja kan létí ọ̀sà Lẹ́kí, lápá Ògùn Waterside, ni mo gbé e sí. Ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè orí erékùṣù fi ń ṣọ́ sùnámì, ìyẹn ìgbì ńlá tí ìmìtìtì ilẹ̀ ń rú sókè nínú òkun, ni mo wò ṣe é. Èyí tó bá wa mu nínú rẹ̀ ni mo mú, mo fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ yóò rò pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ka gíga omi, ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye sẹ̀ǹtímítà tí fèrè yóò fi dún ló gba làákàyè, torí fèrè tó bá ti dún lásán lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tí yóò dìde fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ti àwọn ará erékùṣù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1946, ilẹ̀ mì ní àwọn erékùṣù Aleutian ní Alaska, omi rẹ̀ sì pa èèyàn ní Hilo ní Hawaii. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi dá ibùdó ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní Hawaii ní 1949. Òkun India kò ní irú rẹ̀ títí di ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, nígbà tí òkú lé ní 220,000. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ta ibùdó náà lólobó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ DART tó jókòó sísàlẹ̀ òkun, tó ń wọn bí omi ṣe wúwo lórí rẹ̀, yóò ta ohùn sókè sí bóòyà tó léfòó lórí omi, bóòyà yóò sì gbé e fún sátẹ́láìtì. Níkẹyìn, òpó ìwọ̀n omi tó wà ní èbúté kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn bóyá ìgbì náà dé lóòótọ́.

Àkókò ni gbogbo ìjà yìí dá lé. Bí omi bá ṣe jìn tó ni sùnámì ṣe ń sáré tó: níbi tó jìn ní 4,000 mítà, eré rẹ̀ tó nǹkan bí 700 kìlómítà ní wákàtí kan, níbi tó jìn ní mítà mẹ́wàá, ó ń rìn bíi 36. Ní Samoa, ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2009, omi ti dé àwọn etíkun kan kí ogún ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì. Ìkìlọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè má bá irú ìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù pé bí ilẹ̀ bá mì pẹ́, orí òkè ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n má dúró de fèrè kankan. Ní erékùṣù Simeulue ní Indonesia, àwọn àgbà ti ń sọ ìtàn sùnámì 1907 fún ọmọ. Ní 2004, àwọn tó kú níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá.

Tiwa yàtọ̀. Etíkun wa kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ kan ti ń wọ́ sábẹ́ òmíràn bíi ti Pacific, nítorí náà sùnámì kọ́ ni mo ń dúró dè. Ohun méjì ló ń da ibí láàmú: ìgbì ńlá tí ìjì gúúsù Atlantic ń tì wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ń jẹ etíkun lápá Òde-Omi, àti òjò tí odò Ọ̀ṣun ń kó wá dà sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Wákàtí ni omi ọ̀sà fi ń gòkè, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Nítorí náà mo fi DART sílẹ̀ fún àwọn tó lówó rẹ̀, mo mú òpó ìwọ̀n omi, fóònù àti fèrè.

Páìpù rọ́bà ìńṣì mẹ́fà ni ilé sẹ́ńsọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gùn láti ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń fà dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn títí dé mítà kan lókè ibi tí omi ti dé rí. Àwọn àgbà abúlé ló fi àmì ìyẹn hàn mí lára ògiri. Kí páìpù náà má ní oríkèé rárá, torí ohùn sẹ́ńsọ̀ máa ń kọ lu etí oríkèé, á wá máa pe oríkèé ní omi. Mo dí ìdí páìpù pa, mo lu ihò kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní mìlímítà 15, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ páìpù. Bí ihò bá tóbi jù, ìgbì tí ọkọ̀ ojú omi ń dá yóò máa wọlé. Bó bá kéré jù, ẹrọ̀fọ̀ yóò dí i. Jẹ́ kí ihò fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ga ju ilẹ̀ ọ̀sà lọ. Mo fi àwọ̀n bàbà bò ó, torí àwọn ẹ̀dá inú omi tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kì í fẹ́ràn bàbà. Ọmọrí páìpù náà gbọ́dọ̀ ní ihò kékeré kí afẹ́fẹ́ lè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi inú kò ní bá ti ìta dọ́gba. Inú èbúté ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ìta tí ọkọ̀ ti ń gbá òpó. Bóòtù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Iyọ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í pẹ́ jẹ irin lásán.

Sẹ́ńsọ̀ JSN-SR04T, tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ni mo lò. Ó ń ta ohùn sísàlẹ̀, ó ń ka ìgbà tí ohùn padà. Kò lè rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, nítorí náà gbé e ga ju ibi tí omi lè dé lọ ní ó kéré tán àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ooru ló máa ń ṣi í lọ́nà jù. Ohùn ń yára sí i bí afẹ́fẹ́ bá gbóná: láti ìwọ̀n 25 sí 35 Celsius, ní jíjìn mítà mẹ́ta, àṣìṣe rẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ọ̀sán gangan, ẹ̀rọ yóò ní omi ti gòkè, oòrùn ló kàn ń jó páìpù. Mo fi ọ̀dà funfun kun páìpù, mo sọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru DS18B20 kọ́ sínú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà pé kó fi ooru náà tún ìṣirò ṣe.

Kọ̀ǹpútà kékeré ESP32 ló ń darí gbogbo rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń to iye wọ̀nyẹn láti kékeré sí ńlá, ó sì ń mú ti àárín. Má ṣe ro wọ́n pọ̀ pín, nítorí kíkà burúkú kan ṣoṣo lè wọ́ gbogbo ìyókù lọ. SIM800L, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo síìmù bíi fóònù, ni mo fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì jẹ́ alágídí. Ìwọ̀n iná rẹ̀ wà láàárín fóòtì 3.4 sí 4.4, bó bá ń ránṣẹ́, ó lè fa iná tó áńpíà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń so ó mọ́ iná kọ̀ǹpútà, á máa kú, á máa jí. LM2596, ẹ̀rọ tó ń dín iná bátìrì kù, tí mo yí sí fóòtì 4.0 ló ń fún un ní iná, pẹ̀lú kapásítọ̀ 1000 µF tó sún mọ́ ọn dáadáa. Bí iná kékeré tó wà lára SIM800L bá ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò tíì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, ó ti rí i.

Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì ogún àti bátìrì fóòtì 12, áńpíà-wákàtí 18, tó fún un bí gbogbo rẹ̀ bá ń jẹ nǹkan bíi 60 mA. Ìyẹn kò tó áńpíà-wákàtí méjì lójúmọ́, bátìrì olómi kò sì yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ. Ó máa gbé e la ọjọ́ bíi mẹ́fà láìrí oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì gbọ́dọ̀ ga, kí àgò irin sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ó wá kan gíga omi tí fèrè yóò fi dún. Má ṣe fi ojú wọn ọ́n. Rọ́bà tó mọ́ gara tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló ṣe é. A rọ omi sí i, a di orí kan mọ́ òpó ìwọ̀n tí mo kun ìlà sí lẹ́bàá páìpù, ẹnì kejì gbé orí kejì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé tó rẹlẹ̀ jù, ìlà méjèèjì sì di ọ̀kan náà. Bí afẹ́fẹ́ kékeré bá há sínú rọ́bà náà, ìlà yóò yàtọ̀ tí o kò ní mọ̀. Nítorí náà kí ẹnì kan fi ìka rọra nà án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Mo fi ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ sí 40 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn náà, ìyẹn fún fóònù baálẹ̀, olórí apẹja àti àwọn ọdẹ alẹ́ nìkan. Ti fèrè wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní dún àfi bí omi bá wà lókè ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún léra. Kó tó dákẹ́, omi gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún padà sísàlẹ̀ àmì náà, kí ó má bàa máa dún tán dákẹ́, tún dún. Bí kíkà bá fò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, aláǹtakùn tàbí agbọ́n ni. Kí ẹ̀rọ pè é ní àbùkù, kó má fọn fèrè. Ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pé òun wà láàyè. Bí kò bá ránṣẹ́, kí ẹnì kan lọ wò ó kíákíá.

Fèrè tó ń dún ní 120 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ní mítà kan yóò ku nǹkan bíi 66 ní mítà 500, kí ògiri àti atẹ́gùn tó gbà nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi méjì sí abúlé náà, ọ̀kan létí omi, ọ̀kan lẹ́bàá ilé ìwé. Fèrè dún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà DFPlayer, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ jáde, ń gbé ohùn èèyàn jáde láti inú ẹnu fèrè irú èyí tí mọ́ṣáláṣí ń lò, ní Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ègùn, torí àwọn apẹja ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Láìsí àmì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Tí o bá fi ẹ, ọ àti ṣ sí i, 70 ló kù. Nítorí náà mo kọ ọ́ láìlámì, ìyẹn náà sì ní ewu tirẹ̀: «E MA DURO» lè túmọ̀ sí kí wọ́n máa dúró. Mo yọ ọ́, mo kọ: «OMI N BO. E SA LO SI ILE IWE. E GBE OMODE ATI ARUGBO. E FI ERU SILE.» Ó jẹ́ lẹ́tà 68.

Ìdánwò fèrè wà ní ọjọ́ ọjà, ní ọ̀sán, ìdún kúkúrú méjì. Oṣooṣù, ẹnì kan ń gún ihò ìsàlẹ̀ páìpù, ó ń nu ojú sẹ́ńsọ̀, ó sì ń fi ìlà òpó ìwọ̀n bá kíkà ẹ̀rọ mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kí wọ́n wá ohun tó fà á. Síìmù tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní owó ìpè nínú nígbà gbogbo, torí síìmù tó bá pẹ́ láìlò, ilé-iṣẹ́ yóò gbé nọ́mbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.